Orúnkún Mọ̀mọ́ mi: ṣé ká jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ báyìí, àbí ká ṣì dúró?

Àbíkẹ́yìn_Tákié (14 Oṣù Kẹwàá, 9:12 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í dá rò, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí.

Ọmọ ọdún 66 ni Mọ̀mọ́ mi. Èlùbọ́ láfún ni wọ́n ń tà l'Ọ́jà Jagun, níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n tó bí mi rárá. Orúnkún ọ̀tún ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ sí ọdún kẹsàn-án. A pè é ní làkúrègbé, a fi Aboniki pa á, a ra oògùn lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Lọ́dún tó kọjá, ti òsì náà tún dìde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ sínú ti ọ̀tún. Ti àkọ́kọ́ fún wa ní ìsinmi oṣù márùn-ún, èkejì kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

A ya fọ́tò eegun n'Íbàdàn. Dókítà gbé e sójú iná, ó ní kèrékèré tó wà láàárín eegun ti jẹ tán, eegun ló ń ha eegun. Ó ní ó ti tó ohun tí wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ fún, kí wọ́n pààrọ̀ orúnkún náà, ṣùgbọ́n kò sí ìkánjú: "Ẹ̀yin lẹ máa sọ ìgbà tó bá yá." Gbólóhùn yẹn ló dá ìjà sílẹ̀ nílé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà l'Ékòó ní ká ṣe é lóṣù yìí, owó wà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ẹnikẹ́ni kò ní fi ọ̀bẹ kan ìyá òun. Mọ̀mọ́ fúnra wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì ti àpótí kí wọ́n tó lè dìde, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí oníbàárà, ó parí. Mo gbàgbé, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é, àti ẹ̀yin tí ẹ kọ̀ tí ẹ kò ṣe é, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé àsìkò ti tó?


Tíṣà_Àkẹ̀sán (14 Oṣù Kẹwàá, 10:40 alẹ́)

Àbíkẹ́yìn, o kú ìtọ́jú ìyá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, l'Ọ́yọ̀ọ́. Mo ṣe ti òsì ní 2019, ọmọ ọdún 68 ni mí nígbà náà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ohun kan tó ń dẹ́rù ba ènìyàn. Wọn kì í hú orúnkún jáde bí ẹni hú iṣu. Orí eegun itan àti orí eegun ojúgun ni wọ́n ń fá, ibi tó ti bàjẹ́ nìkan. Wọ́n á fi irin bò wọ́n, wọ́n á wá fi ike líle sáàárín kó máa yọ̀ bí kèrékèré ṣe ń yọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹran ara rẹ àti iṣan rẹ ló ṣì máa gbé e rìn.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún mi lẹ́yìn, láti ìbàdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ kò sí ohun tí mo mọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n etí mi ṣí sílẹ̀ o! Mo ń gbọ́ ayùn, mo ń gbọ́ òòlù. Mo rò pé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni wọ́n gbé mi wá. Nọ́ọ̀sì kan ń bi mí léèrè orúkọ àwọn ọmọ tí mo ti nà jù ní kíláàsì, kí ọkàn mi lè kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti gbé mi nàró. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo bú dókítà, mo bú ara mi, mo bú ọmọ tó mú mi lọ. Oorun kò sí. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀pá kan ló kù lọ́wọ́ mi. Oṣù kẹta ni mo rìn dé ọjà Àkẹ̀sán tí mo padà láìjókòó lọ́nà. Ó tó ọdún kan kí n tó máa gbàgbé pé àlejò wà nínú ẹsẹ̀ mi.

Ìbéèrè rẹ wá ńkọ́? Fọ́tò kọ́ ló sọ fún mi. Fọ́tò mi ti burú láti 2014. Mo mọ̀ nígbà tí mo rí i pé mo ti ń parọ́. Wọ́n á ní kí n wá sípàdé ẹgbẹ́, màá ní ara mi kò yá. Wọ́n á ní ìsìnkú, màá ní mo ní àlejò. Ayé mi ti di àga kan àti rédíò kan. Òru ló wá gbé e dé orí: ìrora tó ń jí mi láago méjì, nígbà tí mi ò tilẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Wo ohun tí ìyá rẹ ti jáwọ́ nínú rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.


Ìyá_Alágbo_Ìjerù (15 Oṣù Kẹwàá, 6:30 àárọ̀)

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọ̀bẹ ló kọ́kọ́ ń yá yín lára. Àbúrò bàbá mi ṣe é. Ọgbẹ́ náà ṣọyún títí, wọ́n tún un là, wọ́n yọ irin náà kúrò. Ẹsẹ̀ yẹn kò ká mọ́ dòní. Kí ìyá yín wá òrí tó dáa, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá wọn pò ó, kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ yí orúnkún náà ká. Mo ti fi ọwọ́ mi yìí wo ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sáré lónìí.


Físíò_Ọ̀nà_Ìlọrin (15 Oṣù Kẹwàá, 1:05 ọ̀sán)

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọmọ yín. Mo fẹ́ dá ọ̀rọ̀ yín sí méjì.

Mo fara mọ́ ọn pé ọ̀bẹ kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ yá. Òrí náà, ẹ máa fi pa á, ìfọwọ́ra tù ú lára. Gbẹ́rẹ́ nìkan ni mi ò lè dákẹ́ lé lórí. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó tún ṣeé ṣe kó ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ má jẹ́ kí abẹ kankan kan awọ orúnkún rẹ̀. Ojú gbẹ́rẹ́ tó rí tín-ín-rín yẹn ni kòkòrò ń bá wọlé. Bí oníṣẹ́ abẹ bá rí egbò níbi tó fẹ́ là, á sún ọjọ́ síwájú, kò sì jẹ̀bi. Kòkòrò tó bá ti lẹ̀ mọ́ irin kò ṣeé lé bọ̀rọ̀, torí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn nínú irin kó lè bá a jà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ṣe àbúrò bàbá yín nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bá, nǹkan bí ẹnì kan sí méjì nínú 100, àmọ́ ẹni tó bá bá, ìyà ńlá ni.

Nǹkan mìíràn tí mo gbọ́dọ̀ wí ni ètù inú ọ̀rá tí kò lórúkọ, tí wọ́n ń polówó ní gáréèjì pé ó ń lé làkúrègbé lójú ẹsẹ̀. Wọ́n máa ń lọ oògùn sítẹ́rọ́ìdì mọ́ òmíràn. Ìrora á lọ lóòótọ́, ojú á wá wú, ṣúgà á gòkè, eegun á máa rọ. Bí Mọ̀mọ́ bá ń lo irú ẹ̀, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má sì dédé já a lọ́jọ́ kan. Oògùn ìrora bíi Diclofenac àti Feldene náà ńkọ́? Àwọn kan ń jẹ wọ́n bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n lè dá ọgbẹ́ sínú, wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè.

Ohun tí mo máa ní kí Mọ̀mọ́ ṣe fún oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó dá ọjọ́ nìyí. Kí wọ́n jókòó sórí àga, kí wọ́n na ẹsẹ̀ kan tààrà, kí wọ́n gbé e dúró, kí a ka ení dé àrún, kí wọ́n wá sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mẹ́wàá ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Tó bá ti ń rọrùn, kí wọ́n so nǹkan tó wúwo díẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Iṣan iwájú itan ló ń bá orúnkún ru ẹrù. Tí òun bá ti sùn, orúnkún nìkan ló ń jìyà. Tí wọ́n bá sanra, kílò kan tí wọ́n bá fọ̀n, nǹkan bí kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Mo ti rí ẹni tó ti gbọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ tán, tó lọ fagi lé e lẹ́yìn oṣù mẹ́ta yìí. Mo sì ti rí ẹni tí kò rí ìyàtọ̀ kankan nínú ìrora, tó ṣiṣẹ́ abẹ, tó sì dìde kánkán ju àwọn tí wọ́n jọ wà ní wọ́ọ̀dù lọ.


Ọkọ_Ìyàwó_Kan (15 Oṣù Kẹwàá, 1:20 ọ̀sán)

Ẹ̀pà Feldene yẹn, èmi gan-an lẹ ń bá wí. Mo ti gbé sáṣẹ́ẹ̀tì náà fún ìyàwó mi kó bá mi fi pamọ́.


Akọ̀wé_Òkè_Àdó (15 Oṣù Kẹwàá, 8:48 alẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí sùúrù ṣe ń parí nígbà mìíràn.

Ọmọ ọdún 64 ni Màámi nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa. A ní ká dúró kí ọmọ ìkẹyìn jáde yunifásítì. Ó jáde. A ní ká dúró kí ilé parí. Ó parí. A ní ká dúró kí dọ́là wálẹ̀, torí òkè òkun ni irin náà ti ń wá. Ẹ̀yin náà mọ bí ti dọ́là ṣe lọ. Ọdún 11 lọ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun, orúnkún kò nà tán mọ́, kò sì ká dé ìdajì. Àìrìn mú kí ara wú, ẹ̀jẹ̀ ríru wọlé, ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ọjọ́ tí a gbé owó dání délé ìwòsàn, dókítà tó ń fún ènìyàn ní oògùn oorun yẹ̀ wọ́n wò, ó ní òun kò lè fọwọ́ sí i, pé ọkàn yẹn kò ní gbé e. Owó wà lọ́wọ́ mi nínú báàgì nígbà tó ń sọ ọ́.

Orí kẹ̀kẹ́ ni Màámi wà báyìí. Oníṣẹ́ abẹ kan ló wá ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé bí orúnkún bá ṣe ká tó kí wọ́n tó là á, nǹkan bí ibẹ̀ ló sábà máa ká dé lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wa ní ọdún kìíní. "Kò sí ìkánjú" ni wọ́n sọ fún àwa náà.


Tíṣà_Àkẹ̀sán (15 Oṣù Kẹwàá, 9:30 alẹ́)

Akọ̀wé, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá wa kí ìyá.


Alhaja_Sábó (16 Oṣù Kẹwàá, 7:15 àárọ̀)

Àsàlámù àlékúmù. Ohun tí mo fẹ́ sọ, dókítà kì í kà á sí bàbàrà, òun ló sì dùn mí jù. Ìkúnlẹ̀ ni.

Mo ṣe ọ̀tún ní 2021, mo ṣe òsì ní 2023. Ìrora lọ, Alihamudulilahi. Ṣùgbọ́n orí àga ni mo ti ń kírun. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sórí àga ní mọ́sálásí tí àwọn ẹgbẹ́ mi forí kanlẹ̀ níwájú mi, omi bọ́ lójú mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀sìn gbà á, Ọlọ́run kì í di ẹrù tó ju agbára ru ẹ̀dá. Ó ṣì dùn mí.

Ti ìdána wá le jù ú lọ. Ọmọ mi ọkùnrin ló fẹ́ ìyàwó. Gbogbo ẹbí wa kúnlẹ̀ tọrọ ọmọ, èmi ìyá ọkọ nìkan ni mo dúró bí òpó. Mo tẹrí ba, mo ń sọ pé "ẹ má bínú, orúnkún ni", mo sì rí i lójú àwọn àna wa pé kò yé wọn. Alága ìdúró ló kó mi yọ. Ó ní, "Ìyá wa ti fi ọkàn kúnlẹ̀, ẹ bá wa gbà á." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Dókítà sọ pé ìkúnlẹ̀ kò ní ba irin náà jẹ́, òótọ́ ló sọ. Ara ẹni ni kò ní gbà. Ẹ̀gbẹ́ kan àpá mi kú tipiri, ẹ̀gbẹ́ kejì dà bí ìgbà tí èèyàn kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn kan máa ń fi tìmùtìmù kọ́ ọ padà díẹ̀díẹ̀. Èmi kò rí i kọ́. Ìlóṣòó náà ti lọ nìyẹn, a kì í tún lọ sí ṣálángá mọ́. Ẹ ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníjòkòó tó ga kí Mọ̀mọ́ tó lọ fún iṣẹ́ abẹ, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá dé.

Ṣé màá tún ṣe é? Bí mo bá ní orúnkún kẹta, lọ́la ni. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan ti sọ fún mi ṣáájú ni.


Àbíkẹ́yìn_Tákié (16 Oṣù Kẹwàá, 5:50 ìrọ̀lẹ́)

Alhaja, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ń ka gbogbo èyí sókè fún Mọ̀mọ́ nídìí ọjà. Wọ́n ń wọn èlùbọ́ lọ, wọn kò dá mi lóhùn, títí mo fi dé ibi ìdána yẹn. Kóńgò dúró lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọn kò tún sọ nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ̀ nípa ti ṣúgà, àti ohun tó yẹ ká béèrè ká tó sanwó, ẹ là mí lóye.


Ẹ̀gbọ́n_Èkó (16 Oṣù Kẹwàá, 8:02 alẹ́)

Èmi ni ẹ̀gbọ́n tí àbúrò mi ń ròyìn fún gbogbo ayé. Ẹ kú ilé o. Mo wá sílé lọ́dún tó kọjá, mo bá Mọ̀mọ́ tí wọ́n ń fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ní ilé tí èmi fúnra mi kọ́ fún wọn. Ṣé kí n máa wò ó? Owó tí mo ní lónìí, mi ò mọ̀ bóyá yóò ra irin kan náà lọ́dún tó ń bọ̀. Kí wọ́n ṣe méjèèjì papọ̀, ká jìyà ẹ̀ẹ̀kan, kó tán.


Nọ́ọ̀sì_Àná (17 Oṣù Kẹwàá, 10:10 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n Èkó, ọmọ gidi ni yín, ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n méjèèjì papọ̀ fún ẹni ọdún 66 tó ní ìtọ̀ ṣúgà, èmi tí mo lo ọdún 31 ní wọ́ọ̀dù kò ní gbà yín níyànjú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dànù á pọ̀, ọkàn á ṣiṣẹ́ jù, kò sì ní sí ẹsẹ̀ kan tó dáa tí wọ́n á fi dúró. Ẹ ṣe èyí tó burú jù. Ẹ fún un ní oṣù mélòó kan. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi pé nígbà tí ẹsẹ̀ kan yá tán, èkejì kò dun ẹni náà tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ti ṣúgà: àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Àwẹ̀ ọjọ́ kan kò lè tàn án jẹ. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kì í fẹ́ kó ju 7.5 tàbí 8 lọ kí wọ́n tó là ènìyàn, torí ṣúgà tó ga kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ jinná, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìyẹn nìkan lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Nítorí náà, "lóṣù yìí" tí ẹ ń wí, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ọjọ́ wo ni abẹ́rẹ́ orúnkún tó gbẹ̀yìn? Bí kò bá tíì pé oṣù mẹ́ta, wọn kò ní fẹ́ là á, nítorí kòkòrò kan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo eyín Mọ̀mọ́. Eyín tó kẹ̀ lè ránṣẹ́ sí orúnkún, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ owó, ẹ béèrè bóyá irin, bẹ́ẹ̀dì, oògùn, ẹ̀jẹ̀ àti físíò, ìyẹn ìdánrawò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ló wà nínú iye tí wọ́n dá, tàbí irin nìkan. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni mo rí tí físíò já lé lórí lẹ́yìn tí owó ti tán, orúnkún olówó iyebíye wá le gan-an bí igi ìdáná. Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ pé mélòó ni òun ń ṣe lọ́dún. Kì í ṣe àfojúdi. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè yẹn. Bébà kékeré tí orúkọ àti nọ́ńbà irin náà wà lára rẹ̀, ẹ gbà á, ẹ fi pamọ́ síbi tí ẹ ń kó ìwé ilẹ̀ sí.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n á fún wọn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kí wọ́n lò ó tán. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú, tó gbóná, tó ń dùn wọ́n, tàbí tí èémí kò délẹ̀ lójijì, lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ gbéra. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ṣé Ìbàdàn nìkan náà ni? Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì ló wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ yín níbẹ̀, ti Bowen, tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907, àti ti LAUTECH. Ẹ lọ sí ẹ̀ka eegun wọn, ẹ béèrè. Bó bá wá jẹ́ UCH n'Íbàdàn tàbí ilé ìwòsàn eegun Igbóbì l'Ékòó ló kàn, ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ronú ọ̀nà àbọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa dúró kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n rìn díẹ̀, kí wọ́n tún wọlé.


Ọmọ_Ajílété_Manchester (17 Oṣù Kẹwàá, 11:30 alẹ́)

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹ gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi o. Ẹni tó bá fi físà àlejò wá, owó gọbọi ni ilé ìwòsàn ìjọba á gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn onílé pàápàá ń tò sórí ìlà, òmíràn ju ọdún kan lọ. Ẹlòmíràn ń lọ sí Íńdíà. Tí ọgbẹ́ bá wá ṣe bákan lẹ́yìn tí wọ́n padà délé, ta ni yóò wò ó?

Ohun tí mo gbọ́ níbí tí mo lè fi kún un ni pé nínú orúnkún 10 tí wọ́n bá pààrọ̀, nǹkan bí 8 ló ṣì máa wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún 25. Fún ẹni ọdún 66, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹni ọdún 50 ló yẹ kó máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì, torí ó lè ní láti tún un ṣe, àtúnṣe sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.


Aránṣọ_Apáke (18 Oṣù Kẹwàá, 2:14 ọ̀sán)

Gbogbo yín ń sọ pé ó yá, ó yá. Èmi ṣe é, ìrora mi kò lọ.

Mo wà lára àwọn tí wọ́n máa ń sọ pé nínú márùn-ún, ẹnì kan lè má ní ìtẹ́lọ́rùn. Wọ́n sọ ọ́ fún mi, mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Irin náà dára, fọ́tò rẹ̀ dára, gbogbo dókítà ló ń yìn ín. Ìgbà tí dókítà mìíràn yẹ̀ mí wò lẹ́yìn ọdún kan ló ní kí n dùbúlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mi, ó yí i sọ́tùn-ún sósì láti ìdí itan, mo kígbe. Oríkèé ìbàdí ló ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí, tó ń sọ ìrora sí orúnkún. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣe é, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìbàdí mi rí. Fọ́tò orúnkún ni wọ́n rí, orúnkún ni wọ́n là.

Àbíkẹ́yìn, kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n yẹ ìbàdí àti ẹ̀yìn Mọ̀mọ́ wò. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni.


Físíò_Ọ̀nà_Ìlọrin (18 Oṣù Kẹwàá, 4:00 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú àmúmọ́ra, Aránṣọ. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Fọ́tò burúkú wà lára ẹni tí kò ní ìrora, ìrora sì wà lára ẹni tí fọ́tò rẹ̀ dáa.


Ìyá_Alágbo_Ìjerù (18 Oṣù Kẹwàá, 6:45 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ó dáa, kí wọ́n fi gbẹ́rẹ́ sílẹ̀. Òrí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kí ọmọ físíò yẹn wá kí mi, mo fẹ́ bi í nípa orúnkún tèmi.


Àbíkẹ́yìn_Tákié (27 Oṣù Kẹwàá, 9:30 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mọ̀mọ́ ti sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó wà lórí fóònù. A tún bẹ̀rẹ̀ ìjà wa. Wọ́n jẹ́ ká jà tán. Wọ́n wá ní, "Ta ló sọ fún yín pé ọ̀bẹ ni mò ń bẹ̀rù? Mo bí yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n là mí fún ọ̀kan nínú yín. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni Alhaja yẹn sọ. Bí mo bá wọ ilé Ọlọ́run, ṣé kí n máa wo Olúwa lójú kòrókòró? Bí wọ́n bá ń sin èyí àbíkẹ́yìn yìí relé ọkọ, ta ni yóò kúnlẹ̀ súre fún un?"

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bú sẹ́kún. Ó ní, "Mọ̀mọ́, ìgbà wo lẹ kúnlẹ̀ kẹ́yìn?" Wọ́n ronú títí. Wọn kò rántí. Wọ́n ní bóyá kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wọ ilé ìwé. Ọmọ yẹn ti wà ní jẹ́ẹ̀sì tú. Ilé dákẹ́ lọ gbári. Mọ̀mọ́ fúnra wọn ló tún gbẹ́nu lé e, wọ́n ní, "Ó ti lọ tipẹ́ nìyẹn, èmi ni mi ò tíì sin ín."

Àdéhùn wọn rèé. Kò ní jẹ́ báyìí, ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀, ìgbà ọyẹ́ ni láfún ń gbẹ dáadáa, àwọn kò ní fi ọjà ẹ̀ẹ̀rùn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣúgà á fi ìgbà yẹn wálẹ̀. A ti ṣe HbA1c, 9.1 ni. Ọ̀tún nìkan ni wọn yóò ṣe, lóṣù Kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ilẹ̀ di yíyọ̀, bí dókítà bá fọwọ́ sí i. A ti lọ sí ẹ̀ka eegun kan níbí, wọ́n yẹ ìbàdí wò, wọ́n ní ó mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó kùn díẹ̀, ó wá fi owó àga ìgbọ̀nsẹ̀ ránṣẹ́.

Físíò, wọ́n ń ṣe ìdánrawò yín. Ìdí ọjà ni wọ́n ti ń ṣe é, lórí àga tí wọ́n yá lọ́wọ́ aláta. Wọ́n di èlùbọ́ kílò kan sínú ọ̀rá, wọ́n fi ìborùn so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn oníbàárà ń dúró wò wọ́n. Bí wọ́n bá ka mẹ́wàá tán, tí mo ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á ní "èènì ńkọ́?", wọ́n á tún gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan sí i.